Ohun Tí O Yọ Lára Ọkọ̀ Mi

Ìsìkàn,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Akíndélé ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi àtàtà,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ le, torí o pè mí lánàá, mo sì gbọ́ bí o ṣe ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí o ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í jẹ ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ yẹn. Èmi náà wà, mò ń jẹ, mò ń sùn. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti bá ọ sọ ni kò ṣeé sọ lórí fóònù. Lórí fóònù, kí n tó la ẹnu ni ìwọ ti ń sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Ìwé kò ní fún ọ láyè ìyẹn. Wá ibi kan jókòó sí, kí o kà á tán.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fẹ́ jáde lọ ra ata. Mo wọ inú Àbẹ̀kẹ́, ọkọ̀ mi, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń pòyì, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Mo tún yí i, òfo ni. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bátìrì dára. Epo wà. Kò sí wáyà kankan tó já. Mo wá ṣí ìdérí ibi tí iná ti ń pín sí ẹ́ńjìnì, mo sì bá ibẹ̀ ní òfìfo. Rótọ̀ tó ń pín iná náà ti lọ. Rótọ̀ yẹn kò ju àtàǹpàkò mi lọ, kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn jáde. Ẹni tó yọ ọ́ tún dá ìdérí padà, ó sì dè é dáadáa. Olè wo ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀?

Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Tóyìn, mẹkáníìkì wa. Ó dé, ó ní, "Ẹ kú ulé o, Màmá," ṣùgbọ́n kàkà kó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Mo ní, "Bàbá Tóyìn, ta ló yọ ọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bọ̀ọ̀dá Akin ni. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n wá kí yín ni. Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní ojú yín..."

"Ojú mi kí ni?"

"Màmá, uṣẹ́ ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù."

Bó ṣe sá lọ nìyẹn, ọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ló wà nílẹ̀, Akin, àti ọ̀rọ̀ ẹnu tìrẹ tí kò lè sọ ọ́. Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ náà. Mo bínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ata. Àmọ́ nígbà tí oòrùn ń rọ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti yọ rótọ̀ rí. Ti bàbá mi ni mo yọ, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan tó mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ gan-an kú láìgbọ́ ọ. Màá sọ ọ́ fún ọ nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn nǹkan mìíràn. Láti ọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Oǹdó tí o sì ra ọkọ̀ tìrẹ ni ìmọ̀ràn ọkọ̀ ti kún inú mi. Jẹ́ kí n dà á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí irú lẹ́tà yìí kò sí nínú ohun tí ọwọ́ mi lè kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Èkínní. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ọkọ̀ ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ, kódà bó jẹ́ èmi. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ti ń sọ ọ́ sí ọ létí láti kékeré. Ìfẹ́ ló ń gbẹnu mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn 504 aláwọ̀ ewé mi yìí débi tí mo fi fún un ní oríkì, tí ẹ̀yin ọmọ sì ń jowú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin sọ nígbà kan pé bí òun bá ní àwọ̀ ewé lára, bóyá èmi á máa fi ọwọ́ pa òun lórí láràárọ̀.

Ohun tó dára lára ọkọ̀ àtijọ́ ni pé ó máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bí búrẹ́kì bá ń tán lọ, wàá gbọ́ igbe irin. Bí epo bá ń jò, imú rẹ á sọ fún ọ kí ojú rẹ tó rí i. O ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, o rí ilẹ̀ láàárín ẹ́ńjìnì, ọwọ́ rẹ á sì dé ibi gbogbo. Bẹ́líìtì fáànù já mọ́ mi lọ́wọ́ rí ní Ìgbàrà-Òkè lọ́jọ́ tí à ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí mo wọ̀, mo fi dè é, ó sì gbé wa dé Àkúrẹ́. Bàbá rẹ jókòó tì mí, kò sọ nǹkan kan àfi ìgbà tí a délé. Ó ní, "Tíṣà, ìbọ̀sẹ̀ mìíràn ńkọ́? Ọ̀la Sọ́ńdè ni o."

O mọ̀ pé bàbá rẹ kò fẹ́ràn àtiwakọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí, tí àwọn ọkùnrin á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ń gbé e kiri. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé dẹ́rẹ́bà òun ni, òun sì ti fẹ́ ẹ sílé kó má bàa bá ẹlòmíràn lọ. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ó dùn mí títí dòní pé kò rí ọkọ̀ rẹ.

Ṣùgbọ́n òótọ́ tí mo fi ń pamọ́ nìyí. Bí ọkọ̀ bí Àbẹ̀kẹ́ bá kọlu nǹkan, irin rẹ̀ kò ní rún, ara ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ni gbogbo agbára ìkọlù yẹn máa lọ. Físíìsì ni mo fi ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo sì kọ ọ́ sí ojú bọ́ọ̀dù fún wọn pé agbára kì í parẹ́, ibì kan ló ń lọ. Bí mo bá jáde ní kíláàsì tán, màá tún máa yangàn fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pé irin ọkọ̀ mi le. Ọkọ̀ tìrẹ, bí ó bá kọlu nǹkan, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, iwájú rẹ̀ á rún wómúwómú, wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ sọ̀kalẹ̀, wàá sì máa ráhùn pé ike ni wọ́n fi ṣe é. Torí kí o lè ráhùn ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Máa de bẹ́líìtì rẹ, kódà bó jẹ́ pé búrẹ́dì lo fẹ́ lọ rà ní ìkóríta.

Èkejì. Ọkọ̀ tuntun náà ń sọ̀rọ̀, iná ló fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gbé mi nínú ọkọ̀ rẹ, ó ń ké pín-pín-pín bí mo ṣe ń jókòó, ó ké nígbà tí o fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, ó tún ké nítorí ajá kan tó kọjá. Mo ní irú aláròyé wo nìyí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wò ó, Akin, bí iná kékeré kan bá tàn níwájú rẹ lára dáṣíbọ́ọ̀dù, má ṣe ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń ṣe. Wọn á gé téèpù dúdú, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú, wọn á ní ó ti dára. Ọkọ̀ kan tí mo fẹ́ rà rí, téèpù mẹ́ta ni mo kà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní, "Ma, iná yẹn kàn máa ń dààmú èèyàn lásán ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Má sì jẹ́ kí wọ́n yọ ohunkóhun sọnù lára ọkọ̀ rẹ pé kò wúlò. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà, mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó yọ ohun tó ń ṣọ́ gbígbóná omi ẹ́ńjìnì, ó jù ú sínú kòtò, ó ní ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún, pé nílùú olóoru bíi tiwa, ìnira lásán ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ nípa ooru! Ṣùgbọ́n ó dàgbà jù mí lọ, ó sì mọ àwọn òbí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé sà." Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yẹn ti ń mu epo bí ẹni tó ń mu omi, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sì pẹ́ kó tó gbó. Mo mọ̀ ọ́n, mo dákẹ́, mo sì pe ìdákẹ́ mi ní ìwà ọmọlúwàbí. Fi ojú sí ibẹ̀ yẹn, torí mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ẹ̀kẹta. O máa ń pe ọkọ̀ rẹ ní tuntun. Tuntun sí ọ ni. Tókùnbọ̀ ni, ẹnìkan ti lò ó ní ìlú òyìnbó kí ó tó dé ọwọ́ rẹ. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan lábẹ́ àga ẹ̀yìn nígbà tí mò ń wá ìgò omi mi, pupa ni, kò gùn ju ìka mi lọ. Mo rò ó pé níbì kan, ọmọ yẹn ti dàgbà báyìí. Mi ò ka èyí sí àléébù o, mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé o kò tíì mọ ìtàn ọkọ̀ rẹ tán. Pààrọ̀ gbogbo bẹ́líìtì inú rẹ̀. Wo ìgbà tí wọ́n ṣe táyà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, má wo bó ṣe ń dán nìkan. Àwọn tó ń ta táyà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun dúdú pa á lára.

Ẹ̀kẹrin ni ti ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó tí o ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má bá ẹnikẹ́ni sáré níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀, àgbégilódò kan wà níwájú mi lẹ́yìn Òwenà, ó kó gẹdú tó ga bí ilé. Mo fọn fèrè kí ó fún mi lọ́nà. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ yọ orí síta, ó ní, "Ìyàwó, ṣé kì í ṣe ọbẹ̀ lo gbé kaná sílé ni?" Ara mi gbóná. Mo já a sílẹ̀ ní ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti já èèyàn sílẹ̀, mo tẹ iná mọ́ ọn títí abẹ́rẹ́ ìgbóná fi kan òkè, mi ò wò ó, torí inú dígí ni mò ń wò bóyá ọkùnrin yẹn ṣì ń rí mi. Nígbà tí mo fi máa dé Bọ́lọ́rundúró, èéfín ti bo mí lójú. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ta ló wá bá mi níbẹ̀? Àgbégilódò náà ni. Dẹ́rẹ́bà yẹn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, ó ní kí n má tíì ṣí i, kí ó tutù ná, ó dúró tì mí títí ó fi tutù, ó bu omi sí i, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tí ò ń bá sáré lójú títì, Akin, òun náà lè jẹ́ ẹni tí yóò fún ọ lómi.

Ó yẹ kí ẹ̀karùn-ún wà, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kan, mi ò mọ ibi tí mo fi sí. Jẹ́ kí n wá sọ ti bàbá mi.

O kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bàbá àgbà rẹ ti Oǹdó. Kòkó ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò fún ìjọba, wọ́n sì ní Ìjàpá kan tó ní àwọ̀ sánmà, ọkọ̀ roboto yẹn tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, lórí pápá bọ́ọ̀lù, nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ọkọ̀ wíwà ṣe. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ tí mo sì fẹ́ràn nípa ọkọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Ohun tí àdúgbò sì ṣe nìyí: dípò kí ẹnìkan sọ fún wọn, gbogbo wọn ló tún àdúgbò tò. Ìyá tó ń sun àgbàdo ní igun ọ̀nà gbé àdògán rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n to òkúta sí etí gọ́tà, wọ́n fi ẹfun kùn ún kí ó lè hàn sí wọn. Télọ̀ iwájú ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sínú ilé rẹ̀ lásìkò tí Bàbá máa ń jáde. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró Ìjàpá, ẹnìkan á ké pé "Bàbá ń bọ̀!" gbogbo èèyàn á gbá ọmọ àti ewúrẹ́ mọ́ra, wọn á wá tẹríba tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Bàbá, ẹ kú ìrìn o!"

Ìyá mi ló tilẹ̀ gbayì jù. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, ìkíni ni wọ́n sì fi ń tọ́ bàbá mi sọ́nà. Wọn á yọ orí síta, wọn á pariwo: "Ẹ kú ìdúró o, Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá ọ̀tún níbẹ̀ yẹn!" Bàbá mi á rọra yà sí òsì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́ kòtò sí àárín ọ̀nà!" Bàbá mi á dúró. Àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí tí mo bá rántí. Ẹ̀rù ni yóò ti máa ba ìyá mi ní gbogbo ọ̀nà yẹn.

Èmi wá ronú ọgbọ́n kan. Mo ti lọ́kọ sí Àkúrẹ́ níbí nígbà náà. Mo lọ kí wọn ní Sátidé kan, mo yọ rótọ̀, mo fi sínú báàgì mi, mo padà wálé. Mo rò pé mo ti ṣe é ní ọ̀nà tí kò ní tàbùkù sí bàbá mi. Kí ló kù tó tún ní ọ̀wọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ọkọ̀ kú fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ojú.

Akin, bàbá mi ṣọ̀fọ̀ ọkọ̀ yẹn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀, tí wọ́n á di sítíárìn mú. Bí mo bá lọ kí wọn, wọn á fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á ní, "Ìwọ ni o mọ ìwé, wò ó fún mi, kí ló ń ṣe é?" Màá ṣí i, màá fi ọwọ́ kan ibí, màá fi ọwọ́ kan ọ̀hún, màá ní, "Bàbá, ó jọ pé ó ti gbó ni." Mo purọ́ fún bàbá mi níwájú ẹ́ńjìnì tó ṣí sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, kò sí èyí tí ojú ń tì mí fún tó ìyẹn.

Nígbà tó yá, mẹkáníìkì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà gba àdúgbò kọjá, ó ṣí i, ó rí ohun tó sọnù, ó wá òmíràn, ó fi sí i. Ìjàpá dìde. Inú bàbá mi dùn bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. Bàbá mi ò dúró de ìyá mi kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ wá fi ọkọ̀ hàn mí. Ní kọ́nà kan ní Òwenà, títì yà, wọn ò rí i pé ó yà, wọ́n wọ igbó. Egungun itan wọn dá. Ọlọ́run ló kó wa yọ tí kò fi sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Nílé ìwòsàn ni dókítà ti yẹ ojú wọn wò. Àìsàn tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ ni. Dókítà ní ohun tó ti lọ kò lè padà, ṣùgbọ́n pé ká ní wọ́n ti tètè gbé wọn wá, ìyókù ì bá ṣì wà. Ó bi wá pé ìgbà wo la ti ṣàkíyèsí rẹ̀.

Nígbà tó ku èmi àti bàbá mi nìkan, wọ́n yí ojú sí ibi tí wọ́n gbọ́ mímí mi. Wọ́n fi ẹnu Oǹdó wa bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé èmi ni mo yọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé wọ́n máa pariwo. Wọ́n ní, "O jẹ́ kí n máa wá ẹni tí yóò wo ọkọ̀ sàn, nígbà tó jẹ́ pé ojú mi ló ń ṣàìsàn. Ká ní o sọ ọ́ fún mi, ǹ bá bínú, òótọ́ ni. Ìbínú mi ì bá pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan."

Ọ̀sẹ̀ kan, Akin. Nítorí ìbínú ọ̀sẹ̀ kan ni mo ṣe jẹ́ kí ojú bàbá mi lọ.

Wọn ò bá mi ṣe ọ̀tá o. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n tún lò, nínú òkùnkùn, wọ́n sì gbádùn rẹ̀ ju bí o ṣe lè rò lọ. Wọ́n máa ń jókòó sí iwájú ilé, wọ́n á máa fi etí dárúkọ gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá, wọn kì í sì í ṣì í. Mo máa ń gbé wọn jáde nínú ọkọ̀ tèmi. Wọ́n á ní, "O pẹ́ kí o tó yí jíà yẹn." Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bá mi wí.

Ìdí nìyí tí mo fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi kí Bàbá Tóyìn tó la ẹnu. Mo ti rí i pé ọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù ní ẹnu ọ̀nà wa ti sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Aládùúgbò wa tó jẹ́ pé apá kan géètì ló máa ń bá mi ṣí, apá méjèèjì ló ń ṣí gbayawu báyìí, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ ògiri bí mo bá ń wọlé. Lọ́jọ́ Sátidé, o rí ibi tí Àbẹ̀kẹ́ ti fi ara ha ògiri. O yọ hánkáṣíìfù, o nù ún bí ẹni pé eruku ni. O rò pé mi ò rí ọ. Ojú mi kò tíì bàjẹ́ tó ìyẹn.

Ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé yìí wá nìyí, òun ni mo ṣe ń kọ ọ́: ìbọ̀wọ̀ kò ní kí o má sọ̀rọ̀. Bí o ṣe máa sọ ọ́ ni ìbọ̀wọ̀ ń kọ́ ọ. Dọ̀bálẹ̀, kí o sì sọ ọ́. Níbi iṣẹ́ tuntun rẹ yìí, ọ̀gá kan lè wà tó ti dàgbà, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, tó kọ orúkọ ẹnìkan sára ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Má fi ọgbọ́n tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kí o sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Bá a sọ ọ́ ní òun nìkan, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́ sà" tó pọ̀ tó. Bó bá bínú, ṣèrántí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí o bá sì fẹ́ ìyàwó, má fi òun náà sílẹ̀ láìmọ ohun tí o mọ̀ nípa rẹ̀.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo ti ṣe. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ bá dókítà ojú. Obìnrin kékeré kan ni, ó tan iná sí mi lójú títí. Ó ní kì í ṣe irú ti bàbá mi. Awọ kan ló ti bo dígí inú ojú mi méjèèjì, ó ní ó ṣeé yọ, pé wọn á bẹ̀rẹ̀ láti ti ọ̀tún, bí ó bá sì jinná, wọn á ṣe ti òsì. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń padà ríran dáadáa. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nítorí náà, má tíì dá rótọ̀ yẹn padà. Fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ. Bí dókítà bá sọ lẹ́yìn ohun gbogbo pé mo lè wakọ̀, èmi fúnra mi á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ ní Oǹdó. Bó bá ní rárá, ìwọ ni kí o sọ rárá yẹn fún mi, lójú mi, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ, kí o sì lọ mú Àbẹ̀kẹ́ fún ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ déédéé. Màá bínú. O ti mọ bí yóò ti pẹ́ tó.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe ojú ọ̀tún. Dókítà ní kí n mú ẹni tí yóò gbé mi wálé dání. Tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, kí o gbé ọkọ̀ rẹ tó ń ké pín-pín yẹn wá. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkọ̀ wà, mi ò tíì jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹlòmíràn gbé mi lọ síbì kan tí mi ò ní máa fi ẹsẹ̀ wá búrẹ́kì nílẹ̀. Màá gbìyànjú.

Ẹ̀rù ń bà mí, Akin. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, mi ò sì sọ ọ́ fún dókítà. Wọ́n fẹ́ fi nǹkan kan mi lójú, mo sì ti dàgbà. Bí o bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà, tí o rí i pé ìyá rẹ ń sunkún, má yọ hánkáṣíìfù, má sì wo iwájú bí ẹni tí kò rí mi. Sọ fún mi pé o rí mi.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó ń retí rẹ ní Ọjọ́rú kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.